Láti Pípààrọ̀ Lẹ́tà Dé Orí Igi Gbólóhùn

Ikpinlè, Oko-Akarè àti Adja-Ouèrè fúnra rẹ̀, àkọtọ́ Faransé ni ìjọba fi ń kọ orúkọ wọn. Álífábẹ́ẹ̀tì tí Benin fọwọ́ sí ní 1975 ń lo kp, sh, ɛ àti ɔ fún Yorùbá; Nàìjíríà ń lo p, ṣ, ẹ àti ọ. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 ti wọ inú ìwé wa nìyẹn. Tí mo bá ń bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ nípa kíkó ọ̀rọ̀ agbègbè yìí sínú kọ̀ǹpútà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń dábàá ni pé kí ẹ̀rọ pààrọ̀ lẹ́tà. Láti ɛ sí ẹ, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n tẹ̀ láìfi àmì sí: «O gbe oko lo si oko». Ẹni tó bá ní kí gbogbo oko di ọkọ̀ ti sọ Oko-Akarè di ohun tí à ń wọ̀ lọ sí Pobè.

Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti rí irú èyí ṣáájú wa. Sed, tí Lee McMahon kọ ní Bell Labs láàrin 1973 sí 1974, ń fi ọ̀wọ́ lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kò bìkítà bóyá orúkọ ni tàbí ọ̀rọ̀ inú àmì àyọlò. Igi ló yọ wọ́n, igi náà kò sì ṣàjèjì sí wa: òfin ìhun àpólà tí Chomsky ṣàlàyé ní 1957 bá òfin tí John Backus fi ṣe gírámà ALGOL, tó jáde nínú ìjábọ̀ 1960, mu. Lórí igi, oko àkọ́kọ́ so mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe gbé, èkejì so mọ́ sí. Ojú ẹ̀ka ni ẹ̀rọ ń wò kó tó fọwọ́ kan lẹ́tà.

Títún kóòdù tò láìyí iṣẹ́ rẹ̀ padà ni wọ́n ń pè ní refactoring. William Opdyke kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé lé e lórí ní Illinois ní 1992. Lójú tèmi, yíyí igi padà kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, bí kò ṣe ìbéèrè tó ní kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: ṣé orúkọ tuntun yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ níbòmíràn? Bí ó bá ti wà, kó dúró. Don Roberts àti John Brant wá sọ èrò náà di irinṣẹ́ fún Smalltalk. Nígbà tí Python 3 dé ní 2008, 2to3 tún kóòdù àtijọ́ kọ lórí igi tó tọ́jú àlàfo àti àlàyé òǹkọ̀wé pẹ̀lú.

Ta ni yóò gbin igi tiwa? Àkójọ igi gbólóhùn Yorùbá tó wà nínú Universal Dependencies kò pé 500 gbólóhùn, Yorùbá àjùmọ̀lò sì ni. Ẹ̀rọ tó bá kọ́ṣẹ́ lórí ìyẹn nìkan lè ka ọ̀rọ̀ àwọn Nàgó Adja-Ouèrè sí àṣìṣe, kó sì «tún un ṣe» láìbi ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, mo ń bẹ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́, kí wọ́n sì ya igi gbólóhùn mélòó kan láti ẹnu àwọn àgbà Massè fúnra wọn.