Ìpèpadà Ọkọ̀ Nítorí Fáànù Ẹ́ńjìnnì

Ìpèpadà ọkọ̀ ni ìkéde tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ máa ń ṣe nígbà tí àléébù tó lè gba ẹ̀mí tàbí tó lè ṣe èèyàn léṣe bá hàn lára ọkọ̀ tó ti tà, tí yóò sì ní kí àwọn tó ni ín gbé e wá kí òun tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó bá jẹ mọ́ bíréèkì ló sábà máa ń gba ojú ìwé ìròyìn. Ti fáànù tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iná ni òun máa ń dá sílẹ̀, iná náà sì lè sọ nígbà tí ọkọ̀ ti wà ní ìgbékalẹ̀, tí ẹni tó ni ín ti sùn lọ.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń jó epo, ooru tó ń jáde pọ̀ ju èyí tí irin lè fara dà fún ìgbà pípẹ́. Omi tí a pò mọ́ kúláǹtì ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, tó ń kó ooru náà lọ sí rédíétọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbà á níbẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀, atẹ́gùn tó ń fẹ́ lù ú níwájú ti tó. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni wàhálà wà: ọkọ̀ dúró, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, atẹ́gùn kò sí. Fáànù ló ń gbà á sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí fáànù yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, mọ́tò kékeré oníná ló ń yí i. Sẹ́ńsọ̀ inú omi á sọ bí ooru ṣe pọ̀ tó fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀, rílè á sì tan fáànù nígbà tí omi bá ti gbóná dé nǹkan bí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi náà kò ní tíì hó nígbà yẹn, torí ìdérí rédíétọ̀ ti há a mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń tú yàà bo ẹni tó bá ṣí ìdérí náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná.

Fáànù tí kò yí rárá ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Orí ẹ́ńjìnnì á wọ́, gáskẹ́ẹ̀tì á jó, owó ńlá á sì jáde lápò, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kọ́ nìyẹn sábà máa ń jẹ́, àyàfi tí ọkọ̀ bá kú lójijì láàárín títì. Èyí tó burú jù ni kí fáànù fẹ́ yí kó má lè yí. Bí mọ́tò rẹ̀ bá ti há nítorí ìpẹtà tàbí erùpẹ̀, iná tí yóò máa fà á pọ̀ kọjá ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Fáànù jíìpù ńlá tó jẹ́ 700 wáàtì ń fa iná tó tó 50 ampere lára bátìrì 12 volt kódà nígbà tí ara rẹ̀ dá. Ojú wáyà tí kò bá wọ ara dáadáa á gbóná, ike á yọ́, iná á sì ràn. Ẹnì kan lè ní fíúùsì ló yẹ kó kọ́kọ́ já. Kì í já ní gbogbo ìgbà: iná tó ń gba ojú wáyà tó dẹ̀ kọjá lè má tó èyí tí fíúùsì ń dúró dè, síbẹ̀ kó dáná sun ojú ibẹ̀ yẹn nìkan. Iná bátìrì sì sábà máa ń wà lórí wáyà fáànù lẹ́yìn tí a ti yọ kọ́kọ́rọ́, nítorí fáànù gbọ́dọ̀ lè yí fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti kú. (Kí ẹni tó ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì má gbàgbé èyí, bí ó bá fẹ́ràn ìka rẹ̀.)

Àpẹẹrẹ tó hàn gbangba ni ti jíìpù Expedition àti Lincoln Navigator tí ilé-iṣẹ́ Ford ṣe fún ọdún 2021. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ford pe 39,013 nínú wọn padà lẹ́yìn tí 16 ti gbiná, tí iná sì ti jó ẹnì kan lára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jó nígbà tí wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì. Ilé-iṣẹ́ náà kò tíì mọ ohun tó fà á nígbà náà. Ohun tó kàn lè sọ fún àwọn tó ni ín ni pé kí wọ́n máa gbé ọkọ̀ sí ìta gbangba, kó jìnnà sí ilé. Ní oṣù keje, wọ́n rí ìdí rẹ̀. Inú àpótí tó ń pín iná bátìrì káàkiri ọkọ̀ ni, lára pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ipa iná wà lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá Ford ṣe pátákó náà ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, àwọn tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni iná ń já mọ́ra lára wọn. Iye ọkọ̀ tí wọ́n pè padà wá di 66,221, ìgbà tí iná ti ṣẹ́ sì di 21. Àtúnṣe rẹ̀ yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí fáànù ọkọ̀ bá ṣe jẹ́ 700 wáàtì tàbí 800 wáàtì, torí wáyà fáànù tó wọ inú àpótí yẹn ni wọ́n dojú kọ. Fáànù funra rẹ̀ kò ní àléébù kankan.

Nínú 16 àkọ́kọ́ yẹn, 14 jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ háyà. Òfin Amẹ́ríkà ti mẹ́nu ba irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Ní ọdún 2004 ní California, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan kú nínú ọkọ̀ àháyà tí iná ṣẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wọ́n ti kéde ìpèpadà rẹ̀, ẹni tó fi í háyà kò sì tún un ṣe. Òfin tí ìyá wọn jà fún jáde ní 2015, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016: ẹni tó bá ní ọkọ̀ 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ń fi háyà kò gbọdọ̀ gbé èyí tí a ti pè padà fún oníbàárà kó tó tún un ṣe.

Ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni òfin ààbò ọkọ̀ tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí ní 1966, ọdún kan lẹ́yìn tí Ralph Nader tẹ ìwé tó fi bú àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ jáde. Àjọ NHTSA, tó ń bójú tó òfin náà, bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Ilé-iṣẹ́ tó bá ti gbà pé àléébù ààbò wà ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún láti sọ fún àjọ náà, àti 60 ọjọ́ láti kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni ọkọ̀. Ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe rẹ̀ fún ọkọ̀ tí kò bá tíì ju ọdún 15 lọ. Jámánì ní àjọ KBA, Ìlú Ọba ní DVSA, Jàpáàn náà sì ti ní ètò tirẹ̀ láti 1969.

Ìpèpadà kan kì í sì í fìgbà gbogbo tó. Ti Vauxhall Zafira B ní Ìlú Ọba ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ọkọ̀ ni, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Ní 2015, ilé-iṣẹ́ náà pe ohun tó lé ní 200,000 padà, ó ní àwọn kan ti fọwọ́ kan fíúùsì tó yẹ kó já nígbà tí fáànù bá gbóná jù. Wọ́n tún wọn ṣe. Àwọn kan nínú èyí tí wọ́n tún ṣe tún jó. Ìpèpadà kejì tẹ̀ lé e ní 2016, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin sì kọ ìròyìn kan ní 2017 tó fi bá ilé-iṣẹ́ náà wí pé ó lọ́ra jù. Ní Gúúsù Áfíríkà, ní oṣù kìn-ín-ní 2017 yẹn kan náà, Ford pe Kuga 4,556 tó ní ẹ́ńjìnnì 1.6 padà lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ti gbiná. Kúláǹtì tí kò yí po dáadáa ló fà á, orí ẹ́ńjìnnì á sán, ọ́ìlì á sì kán sórí irin gbígbóná. Ìdílé tí èèyàn wọn kú nínú ọ̀kan ní òpin 2015 ti ń pariwo fún ọdún kan gbáko kí ìkéde yẹn tó wáyé.

Ọ̀nà tí ìpèpadà ń gbà dé ọ̀dọ̀ èèyàn ni lẹ́tà, orúkọ àti àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ló sì ń tẹ̀ lé. Ọkọ̀ tí wọ́n bá tà ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó tàbí Kútọnu, ti bọ́ lọ́wọ́ lẹ́tà. Nàìjíríà ní òfin ti 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, tó sì di ọ̀rọ̀ ọjà eléwu ru ẹni tó ṣe é àti ẹni tó kó o wọlé. Àmọ́ tòkúnbọ̀ tó ti gba ọwọ́ alágbàtà mẹ́ta kọjá, ta ni a ó kọ lẹ́tà sí? Bí fáànù rẹ̀ bá ń ṣe ségesège, ọ̀dọ̀ réwáyà ni yóò dé. Ohun tó sì wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni kí wọ́n so fáànù ní dáyírẹ́ẹ̀tì: wọ́n á fo sẹ́ńsọ̀ àti rílè dá, fáànù á máa yí ní gbogbo ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà lórí iná. Mi ò bá wọn wí tán, torí rílè ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ọkọ̀ tó hó sáàárín ọ̀nà kò sì dára. Àmọ́ bí wáyà tí wọ́n fi so ó bá tẹ́ẹ́rẹ́, tí fíúùsì kò sì sí lórí rẹ̀, irú ibi tí iná ti ń ràn tí Ford pe ọkọ̀ padà fún ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe yẹn.

Ẹni tó fẹ́ ra tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà lè wo nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá òsì, kó sì tẹ̀ ẹ́ sójú òpó NHTSA lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti oṣù kẹjọ 2014 ni èyí ti ṣeé ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Yóò sọ bóyá ìpèpadà kan wà tí wọn kò tíì tún ṣe. Kì í fi èyí tó ti lé ní ọdún 15 hàn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn láàárín Ìbàdàn sí Èkó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.