Òkúta Tí Ń Tàn Lókùnkùn

Àwọn àgbà ní ohun tó jọ ohun là ń fi wé ohun: èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀lírí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ohun tó jọra ti di ọ̀kan náà yóò ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn òkúta yùréníọ̀mù rí.

Klaproth, ará Jámánì, ni ó rí yùréníọ̀mù ní ọdún 1789. Ṣáájú rẹ̀, òkúta aláwọ̀ ewé kan wà tí àwọn onímọ̀ kà sí òkúta bàbà. Bàbà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yùréníọ̀mù àti fọ́sífétì pọ̀ jù ú lọ. Torbernite ni orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ní 1852, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn Ẹ̀gbá lé ogun Dàhọ̀mì padà lẹ́yìn odi Abẹ́òkúta, ìbátan òkúta yìí gba orúkọ autunite, láti ara ìlú Autun ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún náà ni Stokes, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé bí ìtànṣán tí ojú kò rí ṣe ń mú ohun kan tàn. Lábẹ́ irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀, autunite a máa tàn yòò. Torbernite kì í sábà tàn, nítorí bàbà inú rẹ̀ ń pa ìmọ́lẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ yùréníọ̀mù wà nínú àwọn méjèèjì!

Becquerel rò pé oòrùn ni ó ń fún iyọ̀ yùréníọ̀mù lágbára. Ní 1896, nígbà tí oòrùn kò ràn dáadáa ní Paris, ó fi iyọ̀ náà àti gíláàsì fọ́tò pa mọ́ sínú àpótí tábìlì. Nígbà tí ó fọ gíláàsì náà, àwòrán ti hàn lórí rẹ̀. Inú yùréníọ̀mù fúnra rẹ̀ ni agbára náà ti wá.

Ó kan àwa náà. Ní 1924, iléeṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ Nàìjíríà tẹ ìròyìn Russ jáde lórí fọ́sífétì ẹkùn Abẹ́òkúta. Kì í ṣe inú àpáta líle bí Olúmọ ni ó wà, bí kò ṣe nínú ilẹ̀ tí òkun àtijọ́ tẹ́ sí ìhà Ifọ̀. Irú fọ́sífétì òkun bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní yùréníọ̀mù díẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí. Òkúta mìíràn sì wà tí kò ní yùréníọ̀mù rárá, tí ó ń tàn nítorí nǹkan mìíràn.

Nítorí náà, ọmọ iléèwé ní Adigbe tó bá rí òkúta tó ń tàn, kó má ṣe yára pè é ní yùréníọ̀mù. Èyí tí kò tàn, kó má ṣe yára pè é ní aláìléwu. Ẹ má lọ òkúta àjèjì, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Ẹ̀rọ tí ń ka ìtànṣán àti àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó ṣe ìdájọ́.