Iná Nídìí Enterprise: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Aláwòrán Star Trek ti Gold Key, 1967 sí 1979

Ẹni tó mọ Star Trek dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n, tó wá ṣí ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìtàn aláwòrán tí Gold Key kọ́kọ́ tẹ̀ lórí eré náà, ojú rẹ̀ kò ní pẹ́ bá ohun àjèjì pàdé. Iná ń jó lala nídìí Enterprise, ọkọ̀ òfuurufú inú eré náà! Lórí tẹlifíṣọ̀n, ọkọ̀ yìí kì í tu iná, kì í rú èéfín. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń kọjá láàárín ìràwọ̀. Nínú ìwé, bíi rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra nílẹ̀ ló rí.

Àìmọṣẹ́ kọ́ ló fà á. Western Publishing, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ni Gold Key, gbé àtẹ̀jáde kìíní jáde ní oṣù Keje 1967, ní sẹ́ǹtì 12, nígbà tí eré náà kò tíì pé ọdún kan lórí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC. Ará Ítálì ni wọ́n gbé àwòrán yíyà fún. Nevio Zeccara ya méjì àkọ́kọ́. Láti orí ẹ̀kẹta ni Alberto Giolitti, ọmọ Róòmù, ti gba iṣẹ́ náà. Eré ọ̀hún kò sì tíì dé orí tẹlifíṣọ̀n Ítálì. Fọ́tò ìpolówó ni Giolitti ń wò yà á. Fọ́tò lè fi ojú Kirk, ọ̀gá ọkọ̀ náà, àti etí ṣóńṣó Spock, igbákejì rẹ̀, han ayàwòrán, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í rìn. Kò lè sọ ohun tó ń jáde nídìí ọkọ̀ tó ń sáré. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ìtàn inú ìwé náà pẹ̀lú a máa ṣìnà. Nínú àtẹ̀jáde kìíní, Enterprise dé ayé kan tí ewéko ibẹ̀ ń jẹ ènìyàn, wọ́n sì fi ìtànṣán léésà jó ewéko náà run. Kirk orí tẹlifíṣọ̀n, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwá ẹ̀dá tuntun kiri, kò jẹ́ dán irú rẹ̀ wò.

Síbẹ̀, ẹni tó bá torí èyí ju ìwé náà nù ti pàdánù ohun iyebíye. Ọwọ́ Giolitti gún régé. Àpáta rẹ̀ wúwo lójú, ògiri àlàpà rẹ̀ dà bí èyí tí òjò ti pa fún ọgọ́rùn-ún ọdún, tàdáwà dúdú nìkan ló sì fi gbé òjìji sójú ènìyàn. Bébà ìwé náà jẹ́ irú ti ìwé ìròyìn, tó ti pọ́n báyìí. Béèyàn bá gbé e súnmọ́ ojú, àwọ̀ náà á tú sí tóótòòtó pupa, búlúù àti yẹ́lò. Fọ́tò ló wà lára èèpo mẹ́sàn-án àkọ́kọ́. Láti orí ẹ̀kẹwàá, àwòrán tí George Wilson fi ọ̀dà kùn ló gbapò rẹ̀.

Eré orí tẹlifíṣọ̀n parí ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 1969, lẹ́yìn ìpín 79. Fíìmù àkọ́kọ́ kò jáde títí di oṣù Kejìlá 1979. Nínú ọdún mẹ́wàá yẹn, ìwé wọ̀nyí wà lára ibi díẹ̀ tí ọmọdé ti lè rí ìtàn Star Trek tuntun kà. Len Wein, tó padà wà lára àwọn tó dá Wolverine, akọni inú ìwé aláwòrán, sílẹ̀, kọ díẹ̀ nínú wọn.

Àtẹ̀jáde 61 ni Gold Key ṣe kó tó dáwọ́ dúró ní 1979. Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé IDW bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn kó jọ tẹ̀ ní 2014. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣèwádìí wọn fi ti Giolitti ṣáájú, kó má sì fi tẹlifíṣọ̀n ṣe òṣùwọ̀n fún un.