Rírọ́pò akọ́nimọ̀ọ́gbá tó pẹ́ lórí oyè: Manchester United lẹ́yìn Ferguson

Iṣẹ́ ńlá ni fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù láti wá ẹni tí yóò rọ́pò akọ́nimọ̀ọ́gbá tó pẹ́ tó sì gba ife púpọ̀. Àpẹẹrẹ tí ayé mọ̀ jù ni ti Manchester United, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Alex Ferguson fẹ̀yìn tì ní 2013 lẹ́yìn ọdún 26 ó lé. David Moyes tó bọ́ sípò rẹ̀ kò lò tó oṣù 10. Yorùbá ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣàdédé hù lọ́jọ́ tí ìyá bá wó. Ìdí ìyá ló ti ń hù bọ̀.

Ìgbà Ferguson

Ferguson, ọmọ Govan ní ìlú Glasgow, dé Old Trafford ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1986. Aberdeen ló ti ń bọ̀, ẹgbẹ́ tó kọ́ títí wọ́n fi na Real Madrid nínú àṣekágbá ìdíje Yúróòpù kan ní 1983. Kò bá ọlá nílẹ̀ ní Manchester. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ kọjá kó tó gba ife àkọ́kọ́, ìyẹn ife FA ti 1990. Ó di 1993 kó tó gba líìgì, èyí tí ẹgbẹ́ náà kò rí gbà láti 1967.

Nígbà tó fi máa lọ, ife 38 ló ti gbà, líìgì 13 àti Champions League 2 sì wà nínú wọn. Ti 1999 ò ṣeé gbàgbé: ní Barcelona, Bayern Munich ń fi góòlù 1 ṣáájú títí ìṣẹ́jú 90 fi pé, kí Teddy Sheringham àti Ole Gunnar Solskjaer tó gbá góòlù kọ̀ọ̀kan wọlé nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ tí rẹfirí fi kún un.

Kì í ṣe òun nìkan ló dá iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn igbákejì rẹ̀, bíi Brian Kidd, Steve McClaren, Carlos Queiroz àti Mike Phelan, ló ń darí ìgbáradì; òun á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wo ìṣesí àwọn ọmọ rẹ̀. David Gill ń bójú tó owó àti àdéhùn. Ohun tí ayé ń pè ní Ferguson, odindi ilé ni.

Ìpàrọ̀ náà

Ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 2013 ni Ferguson kéde pé òun ń lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dárúkọ Moyes, ọmọ Scotland bíi tirẹ̀, tó ti lo ọdún 11 ní Everton láì gba ife. Ferguson fúnra rẹ̀ ló tọ́ka sí i. Moyes ti sọ ọ́ pé ṣòkòtò jíǹsì ló wà nídìí òun nígbà tí àgbà náà pe òun wá sílé, torí òun ò mọ ohun tó fẹ́ bá òun sọ. Ó ní kò bi òun bóyá òun fẹ́ ẹ. Ó kàn sọ fún òun pé òun ló kàn.

Àdéhùn ọdún 6 ni wọ́n fún un. Lọ́jọ́ 12, lẹ́yìn tí wọ́n na Swansea, Ferguson gba gbohùngbohùn lórí pápá. Ó rán àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ létí pé ilé dúró ti òun nígbà tí nǹkan le, kí wọ́n dúró ti ẹni tó ń bọ̀ bákan náà. Lọ́jọ́ 19, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ pé 1,500, ó sì parí sí ọ̀mì 5–5 pẹ̀lú West Brom.

Ohun tó bá a lọ

Gill náà fipò sílẹ̀ nígbà kan náà, Ed Woodward sì gbà á. Moyes kó àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Everton wá. Phelan, René Meulensteen àti Eric Steele, olùkọ́ àwọn aṣọ́lé, bá ọ̀nà tiwọn lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilé wà ti jáde tán. Paul Scholes ti fẹ̀yìn tì. Ryan Giggs ti pé ọdún 39, Rio Ferdinand 34, Patrice Evra 32. Nígbà tí ọjà agbábọ́ọ̀lù fi máa tì, Marouane Fellaini nìkan ni ẹni ńlá tí wọ́n rí rà, láti Everton náà ni.

Àṣírí bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Everton wá na wọ́n ní Old Trafford, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ láti 1992. Ní oṣù Kẹta ọdún 2014, àwọn kan háyà ọkọ̀ òfurufú kékeré tó fa àsíá kọjá lókè pápá, pé kí Moyes máa lọ. Ọ̀pọ̀ èrò ìwòran hó lé ọkọ̀ náà lórí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ò gbá góòlù wọlé. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, Everton tún nà wọ́n 2–0. Ọjọ́ 22, wọ́n lé e. Ẹgbẹ́ tó fi àmì 11 ju ẹni kejì lọ gba líìgì lọ́dún tó ṣáájú wá parí sí ipò 7.

Lára àwọn tó tẹ̀ lé e, Louis van Gaal gba ife FA ní 2016, wọ́n sì lé e lẹ́yìn ọjọ́ 2. José Mourinho gba Europa League ní 2017. Solskjaer kò gba ife kankan. Erik ten Hag gba ife FA ní 2024, kí oṣù Kẹwàá ọdún náà tó gbé e lọ. Líìgì kò tún padà wá.

Àwọn ilé mìíràn

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan náà rí. Matt Busby kọ́ United láti 1945 sí 1969, ó tún un kọ́ lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀ òfurufú Munich ní 1958, ó sì gba ife Yúróòpù ní 1968. Wilf McGuinness, ẹni ọdún 31, ọmọ ilé, ló gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Busby kò kúrò nínú ọ́fíìsì. Ọ̀gá àgbà ló ṣì jẹ́. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni McGuinness lóòótọ́, àmọ́ òjìji ìyá kò jẹ́ kí oòrùn kàn án. Wọ́n yọ ọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1970, Busby sì padà fúngbà díẹ̀. Ní 1974, ẹgbẹ́ náà já sí ìpele kejì.

Ọ̀tọ̀ ni ti Liverpool. Bill Shankly lọ ní 1974, Bob Paisley, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ láti 1939, sì bọ́ sípò. Wọ́n ní yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó bàtà bọ́ọ̀lù sí, níbi tí àwọn olùkọ́ ti máa ń jókòó jíròrò lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Shankly lọ, yàrá náà kò lọ. Paisley gba líìgì 6 àti ife Yúróòpù 3 láàárín ọdún 9. Joe Fagan, ara yàrá kan náà, gba ife 3 ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, 1983–84.

Ní Arsenal, Arsène Wenger lo 1996 sí 2018. Unai Emery tó tẹ̀ lé e kò pé ọdún 2. Mikel Arteta, tó ti jẹ́ balógun ẹgbẹ́ lábẹ́ Wenger, ló padà mú ilé dúró. Jürgen Klopp ní tirẹ̀ kéde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 pé òun yóò fi Liverpool sílẹ̀ bí sáà bá parí, ẹgbẹ́ sì rí ààyè wá arọ́pò. Àlejò ni Arne Slot, láti Feyenoord ló ti wá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí Klopp kó jọ ló bá nílẹ̀, kò sì tú u ká. Ó gba líìgì ní sáà àkọ́kọ́.

Ohun tí ìtàn wọ̀nyí fi hàn

Ọmọ ilé ni McGuinness, ó kùnà. Àlejò ni Slot, ó yege. Nítorí náà, kì í ṣe ibi tí arọ́pò ti wá ló ń pinnu, bí kò ṣe ohun tó bá nílẹ̀. Wọ́n di gbogbo ẹ̀bi ru Moyes, ìyẹn ò sì tọ́. Wọ́n fún un ní àga Ferguson, ṣùgbọ́n ilé tó wà yí àga náà ká ti tú kó tó jókòó. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ràn baba rẹ̀ tọkàntọkàn, ìgbà tí baba ṣì ń gba ife ni kó ti máa bomi rin ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀.