Ẹ̀sùn Ìjórẹ̀yìn Àkọtọ́ àti Gírámà Gẹ̀ẹ́sì

Pé àkọtọ́ àti gírámà èdè Gẹ̀ẹ́sì ń jó àjórẹ̀yìn jẹ́ ẹ̀sùn tí àwọn olùkọ́, àwọn agbanisíṣẹ́ àti àwọn akọ̀ròyìn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ti ń kà sí àwọn ọ̀dọ́ lọ́rùn láti ìran dé ìran. Ẹ̀sùn náà pín sí mẹ́ta: pé àwọn èèyàn kò mọ sípẹ́lì mọ́, pé wọn kì í fi àmì ìdánudúró síbi tó yẹ, àti pé gbólóhùn tí wọ́n ń hun kò bá òfin èdè mu. Ohun tó bá jẹ́ tuntun lásìkò tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n sì máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù: lánàá tẹlifíṣọ̀n ni, lónìí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ni. Bí a bá fi ìtàn àti ìwádìí yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, a ó rí i pé ìmọ̀ àkọtọ́ kò dín kù lọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè fi òǹtẹ̀ lù. Iye àwọn tó ń kọ̀wé ló yí padà, àti iye ohun tí wọ́n ń kọ, àti bí ìwé tí olóòtú kò fọwọ́ kàn ṣe ń bọ́ sójú gbogbo ayé.

Ìráhùn tó ti pẹ́

Ìráhùn yìí dàgbà ju òfin tó ń gbèjà lọ. Nínú ìwé ìtàn tí Ranulf Higden fi èdè Látìn kọ, tí John Trevisa sì túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1387, wọ́n ti ń sọ pé àdàlù pẹ̀lú èdè àwọn ará Denmark àti ti àwọn Norman ti ba èdè ilẹ̀ náà jẹ́. Ní 1712, Jonathan Swift kọ lẹ́tà gbangba sí Robert Harley, tó jẹ́ akápò àgbà ìjọba, pé kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tí yóò tún èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe, tí yóò sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ títí láé. Bí àwọn èèyàn ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú wà lára ohun tó ń bí i nínú. Wọn kò gbé ìgbìmọ̀ kankan kalẹ̀. Samuel Johnson, tó tẹ ìwé atúmọ̀-èdè ńlá rẹ̀ jáde ní 1755, sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé òun ti lérò tẹ́lẹ̀ pé òun lè so èdè mọ́lẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ náà ti kọ́ òun pé kò ṣeé ṣe. Nígbà tí Robert Lowth sì kọ ìwé gírámà tirẹ̀ ní 1762, inú iṣẹ́ Shakespeare, ti Milton àti ti Swift gan-an ló ti ṣa àpẹẹrẹ àṣìṣe. Ní 1874, Yunifásítì Harvard bẹ̀rẹ̀ sí í fi àròkọ Gẹ̀ẹ́sì dán àwọn tó fẹ́ wọlé wò, kò sì pẹ́ tí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ fi ń pariwo lórí sípẹ́lì àti àmì ìdánudúró àwọn ọmọ tó wá láti ilé ẹ̀kọ́ tó dára jù lórílẹ̀-èdè náà. Ní oṣù Kejìlá 1975, ìwé ìròyìn Newsweek gbé e jáde pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà kò lè kọ̀wé mọ́. Pé ẹ̀sùn kan ti pẹ́ kò sọ ọ́ di irọ́, nítorí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ lánàá lè rí bẹ́ẹ̀ lónìí. Síbẹ̀, ìráhùn nìkan kò tó ẹ̀rí. Àwọn ọ̀dọ́ tí Newsweek ń kẹ́dùn lé lórí nígbà náà ti di àgbàlagbà, àwọn ìran tiwọn ni a sì ń fi ṣe àwòkọ́ṣe fún ọ̀dọ́ òde òní.

Bí òfin náà ṣe dé

Kí ohun kan tó lè jó rẹ̀yìn, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ibẹ̀ títí di nǹkan bí ọ̀rúndún kejìdínlógún. William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá sí Westminster ní 1476, àwọn atẹ̀wé ló sì mú sípẹ́lì sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀ láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tilẹ̀ ki lẹ́tà b bọ inú debt kó lè jọ Látìn tó ti ṣẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pè é lẹ́nu. Ìbuwọ́lùwé mẹ́fà tó ṣẹ́ kù láti ọwọ́ Shakespeare kò ní sípẹ́lì kan náà. Ní 1790, nígbà tí Jane Austen jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó sọ ìtàn kan tó kọ ní Love and Freindship, lẹ́tà e àti i sì gba ipò ara wọn nínú àkọlé náà. Lílo they fún ẹnì kan ṣoṣo, tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àbùkù òde òní ni, ti wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀rúndún kẹrìnlá. Nígbà tí Noah Webster tẹ ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1828, ó yọ u kúrò nínú colour. Amẹ́ríkà gbà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀, ohun kan náà sì di àṣìṣe ní ilẹ̀ kan, ó di òfin ní èkejì. Kò yẹ kí èyí ya òǹkàwé Yorùbá lẹ́nu. Aiye àti Oshogbo tó wà nínú àwọn ìwé wa tí wọ́n tẹ̀ kí àkọtọ́ 1974 tó dé kì í ṣe àṣìkọ lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ wọ́n. Tiwa tilẹ̀ ní ìpàdé tí a lè tọ́ka sí, bẹ̀rẹ̀ láti èyí tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875. Ti Gẹ̀ẹ́sì kàn gbára jọ lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé àti àwọn tó ń kọ ìwé atúmọ̀-èdè ni.

Ohun tí ìwádìí rí

Ohun tó máa ń ba ìfiwéra jẹ́ ni pé ìwé àtijọ́ tí a mọ̀ jù ni èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde, tí olóòtú àti atẹ̀wé ti tún ṣe kó tó dé ọwọ́ wa. Ẹni tó bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ òde òní ń fi aṣọ ìmúròde bàbá wé aṣọ oko ọmọ ni. Ìwé ojoojúmọ́ àwọn mẹ̀kúnnù àtijọ́ ló yẹ kí a wò: irú lẹ́tà tí àwọn tálákà Essex kọ láàárín 1731 àti 1837 láti tọrọ ìrànwọ́ lọ́wọ́ àwọn alábòójútó aláìní, tàbí èyí tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kọ ránṣẹ́ sílé nígbà ogun abẹ́lé 1861 sí 1865. Ọ̀pọ̀ wọn kọ ọ̀rọ̀ bó ṣe dún létí, àmì ìdánudúró sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Àwọn yìí sì ni àwọn tó lè kọ̀wé rárá. Nínú ìwé ìgbéyàwó Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 1840, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọkọ àti nǹkan bí ìdajì àwọn ìyàwó ni kò lè kọ orúkọ ara wọn. Àmì ni wọ́n fi ọwọ́ fà. Ìran tí àwọn tó ń ráhùn fẹ́ kí a padà sí kò fìgbà kan wà láàárín àwọn ará ìlú.

Ìwádìí tó bá ọ̀rọ̀ náà wí jù lọ ni ti Andrea Lunsford àti Karen Lunsford, tó jáde ní 2008. Wọ́n yẹ àròkọ 877 wò láti ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi èsì rẹ̀ wé ti àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ náà ṣáájú wọn. Ní 1917, àṣìṣe 2.11 ló wà nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀; ní 1930, ó jẹ́ 2.24; ní 1986, 2.26, ní 2006, 2.45. Láàárín nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, ohun tó lé sí i kò pé ìdajì àṣìṣe kan nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀. Láàárín àkókò yẹn kan náà, àròkọ tó jẹ́ bí ọ̀rọ̀ 162 ní 1917 ti di bí ọ̀rọ̀ 1,038, iṣẹ́ náà sì ti le sí i: dípò kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìtàn ara rẹ̀, ó ní láti ṣe ìwádìí, kó jiyàn, kó sì tọ́ka sí ìwé tó kà. Ní 1986, àṣìṣe sípẹ́lì pọ̀ ju èyíkéyìí mìíràn lọ. Ní 2006, ó ti já sí ipò karùn-ún. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ níbi tí wọ́n fi í sí ló wá borí, kọ̀ǹpútà tó ń dábàá ọ̀rọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ sì lọ́wọ́ nínú èyí.

Ti àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù náà kò yàtọ̀. Ní 2007, akọ̀ròyìn John Humphrys fi ẹ̀sùn kàn án nínú Daily Mail pé ó ń pa èdè run. Lọ́dún kejì, onímọ̀ èdè David Crystal fi odindi ìwé kan ṣàlàyé pé gígé ọ̀rọ̀ kúrú ti wà ṣáájú fóònù, àti pé kò pọ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ní Yunifásítì Coventry, Beverly Plester, Clare Wood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé àwọn ọmọdé tó ń lo ọ̀rọ̀ gígé kúrú bẹ́ẹ̀ dáadáa kò gbẹ́yìn nínú ìwé kíkà àti sípẹ́lì. Àwọn gan-an ló tilẹ̀ sábà máa ń ṣe dáadáa jù. Ìdí rẹ̀ yé ni: kí ọmọ tó lè kọ gr8 dípò great, ó gbọ́dọ̀ mọ ìró tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà àti èyí tí nọ́ńbà lè gbà ṣe.

Àtakò àti ìdáhùn

Àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń sọ pé ojú àwọn ló ń rí lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó kún fún àṣìṣe, irọ́ kọ́ ni wọ́n sì ń pa. Àmọ́ ní 1950, nǹkan bí mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ ilẹ̀ Bìrìtéènì ló ń wọ yunifásítì. Lónìí ó ti tó bí ìdajì. Àwọn tí òbí àgbà wọn ì bá lọ sí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí ibi ìwakùsà, tí ẹnikẹ́ni kì bá sì rí ìwé ọwọ́ wọn, ti ń kọ ímeèlì láràárọ̀. Àṣìṣe tí ìlẹ̀kùn sé mọ́ ti jáde síta.

Àwọn mìíràn ní ẹ̀bi wà lọ́rùn ilé ẹ̀kọ́, tó pa ẹ̀kọ́ gírámà tì láti àwọn ọdún 1960. Òótọ́ ni pé wọ́n dín in kù ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó tó di pé ìjọba dá a padà, tí wọ́n sì gbé ìdánwò gírámà, àmì ìdánudúró àti sípẹ́lì kalẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí Yunifásítì York kó ẹ̀rí jọ ní 2004, wọn kò rí ohun tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kíkọ́ òfin gbólóhùn ní òun nìkan ń mú kí àwọn ọmọ láti ọdún márùn-ún sí mẹ́rìndínlógún kọ̀wé dáadáa.

Àtakò tó lágbára jù ni èyí tó kan àyẹ̀wò ìwé. Iye ojú tó ń wo ìwé kó tó jáde ti dín kù gan-an. The New York Times pàápàá tú ẹ̀ka àwọn olóòtú aṣàtúnkọ rẹ̀ ká ní 2017. Ẹni tó bá sọ pé àṣìṣe tó ń bá òǹkàwé pàdé lójúmọ́ ti pọ̀ sí i kò purọ́. Ibi tó ti ṣìnà ni bó ṣe gbà pé ọpọlọ àwọn òǹkọ̀wé ló ṣófo.

Nàìjíríà náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọdọọdún ni àwọn olùdánwò àgbà àjọ ìdánwò WAEC ń ka àṣìṣe sípẹ́lì àti gírámà sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń jókòó fún ìdánwò náà ti ju mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún, èdè kejì sì ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún ọ̀pọ̀ wọn. A kò lè fi wọ́n wé ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ tí wọ́n ṣà jọ sí ilé ẹ̀kọ́ gírámà láyé ìjọba amúnisìn. Bákan náà, ohun tí olùkọ́ fa igi lé lórí lè rí ibùjókòó lọ́la: ní oṣù Kìíní 2020, ìwé atúmọ̀-èdè Oxford gba danfo, okada àti next tomorrow wọlé.

Gbogbo èyí kò sọ pé àkọtọ́ kò ṣe pàtàkì. Adájọ́, dókítà àti ẹni tó ń wáṣẹ́ ṣì nílò èdè tí ẹlòmíràn kò ní ṣì lóye, àgbékalẹ̀ tí gbogbo èèyàn jọ fọwọ́ sí ló sì ń jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá gbà pé àrùn wà la ó gbé oògùn lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ̀ ló bàjẹ́, a ó máa bá ọ̀dọ́ wí, a ó sì máa gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé àtúnkà àti àtúnṣe ló ṣọ̀wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ṣe fi hàn, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni láti kọ́ gbogbo òǹkọ̀wé ní iṣẹ́ tí olóòtú ń ṣe fún àwọn díẹ̀ tẹ́lẹ̀: kí wọ́n mọ irú Gẹ̀ẹ́sì tó yẹ ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí, kí wọ́n sì tún ìwé náà kà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.