Ìlù Tí A Fi Ń Yan ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá: Ohun-Èlò Rẹ̀ àti Àwọn Tí Ó Fi Kọ́ni

Nígbà tí a ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtàn orin ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí ni pé n óò sọ̀rọ̀ nípa dùùrù inú ṣọ́ọ̀ṣì, nípa Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti tí ó kọrin sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ́nù ní 1922, tàbí nípa Fela Sowande tí a bí ní 1905. Àwọn wọ̀nyí ti ní òǹkọ̀wé tiwọn. Ìlù ni mo mú wá lónìí, kì í sì í ṣe èyí tí a fi ń kí ọba láàfin, bí kò ṣe èyí tí a ń gbé kọ́ èjìká, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti ọlọ́pàá ń yan tẹ̀lé: ìlù ńlá, ìlù kékeré tí a na okùn sí abẹ́ rẹ̀, àti aro méjì tí a ń gbá mọ́ra wọn. A máa ń pè é ní ìlù òyìnbó. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kò fi ìgbà kan jẹ́ ti òyìnbó pátápátá, àti pé àwọn tí ó sọ ọ́ di tiwa, èyíinì ni àwọn tí ń fi awọ bò ó àti àwọn tí ń fi kọ́ni, ni ìwé ìtàn wa kò dárúkọ.

Ẹ̀gbá kò dúró de òyìnbó kí wọ́n tó mọ bí a ti ń fi ìlù rìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, ìlú ológun ni, Balógun kì í sì í dá rìn lọ sójú ogun. Onílù ń bá a lọ, ó ń pe oríkì rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn mọ̀ pé iwájú kò tí ì yẹ̀. Bẹ̀ǹbẹ́ náà wà, ìlù onígi olójú méjì tí a ń gbé kọ́ èjìká, tí a sì ń fi ọ̀pá lù. Àwọn àgbà tí mo bá láyé kò wahálà láti wá orúkọ tuntun fún ìlù ńlá àwọn ológun. Bẹ̀ǹbẹ́ ni wọ́n pè é, ó sì parí.

Òyìnbó fúnra rẹ̀, ibòmíràn ni ó ti rí i. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Yúróòpù mú ìlù ńlá àti aro lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Súlútánì ilẹ̀ Tọ́kì. Nígbà tí àṣà náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń wá láti lù ú. Ní 1759 ni wọ́n kó ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́wàá láti erékùṣù Guadeloupe, tí wọ́n sì sọ wọ́n di onílù fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní ẹlẹ́ẹ̀kọkàndínlọ́gbọ̀n. Ẹgbẹ́ náà kò dẹ́kun àti máa ní onílù aláwọ̀ dúdú títí di 1843, ọdún kan náà gan-an tí Henry Townsend kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ Abẹ́òkúta. N kò sọ pé ọ̀kan ni ó fa èkejì. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá ní ìlù òyìnbó ni kí ó rántí irú ọwọ́ tí ó ti ń lù ú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn onílù ńlá Gẹ̀ẹ́sì a tún máa fi awọ ẹkùn bo àyà wọn. Ẹkùn! Awọ tí ó jẹ́ pé ọba ni ó tọ́ sí ní ilẹ̀ wa.

Ojú omi ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, nígbà tí ó sì di 1863 wọ́n kó àwọn ọmọ ogun Haúsá jọ síbẹ̀. Àwọn Haúsá wọ̀nyí ti ní gàngá nílé wọn, ìlù olójú méjì tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá lójú rẹ̀ láti mú kí ohùn rẹ̀ máa há ṣaaṣaa, gẹ́gẹ́ bí okùn ti ń ṣe lábẹ́ ìlù kékeré àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ kò lè ṣe àjèjì sí wọn. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ Boys' Brigade dé, èyí tí William Alexander Smith dá sílẹ̀ ní Glasgow ní 1883, tí ó sì fìdí múlẹ̀ ní Èkó ní 1908. Ọdún 1908 yìí kan náà ni a dá Abẹ́òkúta Grammar School sílẹ̀. Baptist Boys' High School tẹ̀ lé e ní 1923. Ní Ọjọ́ Ẹ́mpáyà, tí ó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún, àwọn ọmọ ilé-ìwé a yan kọjá níwájú aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti rú mi lójú fún ọdún púpọ̀. Àwọn ìjọ tí ó ní ilé-ìwé wọ̀nyí ni ó ń kọ́ àwọn onígbàgbọ́ pé kí wọ́n jìnnà sí ìlù ilé, nítorí pé ìlù abọ̀rìṣà ni. Dùndún kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìlù tí a fi awọ ẹran ṣe, tí a fi ọ̀pá lù, tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ̀, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè òrìṣà tí ó ń sìn. Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ fún ọmọ agbo ilé Àyàn tí ó lọ sílé-ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun ni olùkọ́ yóò yàn láti gbé ìlù síwájú. Ìlù baba rẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ní kí ó kọ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó fún un ní ipò ni ohun tí wọ́n fi ń ká a lọ́wọ́ kò. Bí a bá ń ka ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ yìí, ó yẹ kí a ka èyí mọ́ ọn.

Agbára ìlù yìí lórí ọmọdé kò sí níyèméjì. Wole Soyinka, tí a bí ní 1934, sọ nínú ìwé rẹ̀ *Aké*, tí ó jáde ní 1981, bí òun ti jáde nílé ní kékeré, tí òun ń tọ àwọn onílù àti onífèrè tí ń yan lẹ́yìn láti Aké, tí òun kò sì mọ̀ pé ọ̀nà ti jìn títí òun fi bá ara òun ní ọgbà ọlọ́pàá ní Ìbarà níwájú òyìnbó kan. Ẹni tí ó bá mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé Aké sí Ìbarà kì í ṣe ìrìn ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ohun-èlò náà fúnra rẹ̀ wò. Ìlù ológun ti àtijọ́, okùn ni a fi ń fà á. Okùn náà ń lọ ó ń bọ̀ láàárín ojú òkè àti ojú ìsàlẹ̀, a sì fi awọ pelebe há a ní méjì-méjì. Bí onílù bá ti awọ yìí sísàlẹ̀, okùn méjèèjì a súnmọ́ra, ojú ìlù a sì le. Ẹni tí ó bá ti rí dùndún rí kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè àlàyé. Ọsán ni a fi so ojú dùndún méjèèjì pọ̀. Bí a bá fún un, ojú a le, ohùn a lọ sókè. Bí a bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wálẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé onílù Gẹ̀ẹ́sì a fà á lẹ́ẹ̀kan, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tí Àyàn ń fà á tí ó sì ń dẹ̀ ẹ́ bí ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ní 1837 ni Cornelius Ward ní Lọ́ńdọ́nù gba ìwé àṣẹ fún ìlù tí ọ̀pá irin onísíkúrù ń fà dípò okùn. Ó pẹ́ kí irú èyí tó borí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó borí, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Premier, tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù ní 1922, ni ó ń ṣe é fún ayé.

Awọ ọmọ màlúù ni wọ́n fi ń bò ó níbẹ̀. Awọ yìí kò fẹ́ràn ojú ọjọ́ wa. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, ojú ìlù a rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Bí ọyẹ́ bá dé, a le títí yóò fi fà ya lóru láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Láti ra òmíràn, ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé e wá. Nítorí náà ni ilé-ìwé ṣe ń ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣe dùndún. Mo ti wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ojú mi. Awọ ewúrẹ́ ni ọkùnrin náà rẹ sínú omi, ó há irun rẹ̀ kúrò, ó nà án mọ́ òrùka igi náà lójú títutù, ó sì gbé e síbi tí òòrùn kò ti ní í yára mú un. Okùn ìfun abẹ́ rẹ̀ ti já. Ó lọ́ ọsán tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, ó fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí a lù ú, ohùn rẹ̀ kò há ṣaaṣaa mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ó nípọn díẹ̀, ó sún mọ́ ohùn ìlù ilé. Kò sí ọ̀kankan nínú àwa ọmọdé tí ó ṣàárò ti àtijọ́.

Ní ẹ̀bá Ìtòrí ni mo ti rí èyí, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ilé-ìwé dé àwọn abúlé tí kò ní i rí, ìlù sì tẹ̀ lé ilé-ìwé. Ẹni tí ó kọ́ wa kì í ṣe olùkọ́. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó ń ṣe, ó sì ti bá wọn jagun ní Bóòmà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ó máa ń wá, gààrí àti iṣu sì ni owó iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ó ti ń kọ́ wa yẹ fún àkíyèsí àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà a máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ni ní ìlù kékeré: fún lílù tí ọwọ́ kan ń lù lẹ́ẹ̀méjì kí èkejì tó lù lẹ́ẹ̀méjì, orúkọ “daddy-mammy” ni wọ́n fún un. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onílù pàdé ní Chicago ní 1933, wọ́n ka irú ìlànà lílù bẹ́ẹ̀ sí 26. Nígbà tí ó di 1984, ẹgbẹ́ mìíràn ti sọ ọ́ di 40. Ọ̀gbẹ́ni tiwa kò ka nǹkan kan. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gbọ́ ìlù ńlá gẹ́gẹ́ bí ohùn ìsàlẹ̀, ó sì gbọ́ kékeré gẹ́gẹ́ bí ohùn òkè. Bí ìlù ńlá bá dún lẹ́ẹ̀kan, tí kékeré dáhùn lẹ́ẹ̀méjì, “Ọ̀gá dé” ni. Bí ìlù ńlá bá dún lẹ́ẹ̀méjì tí kékeré dún lẹ́ẹ̀kan, “Ẹ̀wà tán” ni, ẹsẹ̀ wa a sì yá sí i nítorí ẹ̀rín. Ohùn àárín ni kò sí níbẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ó bá ní ohùn àárín, kì í lò ó. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ó kàn jẹ́ pé etí Yorùbá kò lè gbọ́ ìlù kí ó má béèrè ohun tí ó ń wí. Bí a ti yan lọ́jọ́ òmìnira ní 1960 nìyẹn, àwọn àgbà lẹ́bàá ọ̀nà sì mọ ohun tí à ń wí.

Àwọn tí kò lówó ìlù rárá kò jókòó. Ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana láti 1957, àwọn ọmọ ogun tí ó ti West Indies wá ní nǹkan bí ọdún 1870 sí 1880 ni ó gbé orin wọn dé àwọn ìlú etí òkun. Nígbà tí ó fi di 1930 àti ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí kò lè ra fèrè idẹ ti fi ìlù tí wọ́n kàn fúnra wọn àti ohùn ẹnu rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì ń yan. Kóńkómà ni wọ́n ń pè é. Àwọn àtìpó gbé e dé ilẹ̀ wa, ó sì wà lára ohun tí orin agídìgbo gbà jáde. Ní Amẹ́ríkà, láti 1960 lọ sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pín ìlù ńlá sí oríṣiríṣi ìwọ̀n, kí onílù kọ̀ọ̀kan máa fọ ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìdíje ńlá fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1972. Ẹni tí ó bá ti wo ìyáàlù àti àwọn omele rẹ̀ kò ní í ya ẹnu.

Ohun tí ó yí iṣẹ́ náà padà jù lọ ni ojú ìlù oníke, èyí tí Remo Belli bẹ̀rẹ̀ sí tà ní Califọ́níà ní 1957. Òjò kò ràn án, ọyẹ́ kò ràn án. N kò ní í bú u. Ẹni tí ó ti gbé ìlù tí ó rọ̀ kọ́rùn rí láàárín oṣù keje mọ̀ pé ìrọ̀rùn ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ya, ó ya náà nìyẹn, ọjà ni a ó ti lọ ra òmíràn, iṣẹ́ sì ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ń rẹ awọ sómi. Mo ti ṣí ìwé ìnáwó ilé-ìwé kan wò. Iye tí wọ́n ra ìlù wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tí ó tà á wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀, lọ́dọọdún, a kọ “àtúnṣe ìlù” àti ṣílè díẹ̀, láìsí orúkọ. Lójú ewé tí a ti kọ owó olùkọ́, káfíńtà náà kò sí níbẹ̀ rárá.

Àwọn tí ó ranti irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń dín kù, ní Ìtòrí àti ní Ìfọ̀, ní Wásinmi àti nínú Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ohùn àwọn tí mo rí sílẹ̀, agbo ilé Àyàn sì ni mo kọ́kọ́ ń lọ, kì í ṣe ilé-ìwé. Nínú yàrá ìkẹ́rù-sí ilé-ìwé abúlé kan, mo rí ìlù kékeré kan tí ó jẹ́ ti irin. Síkúrù rẹ̀ ti dípẹtà. Ojú ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ oníke, ó sì ti ya tán. Awọ ewúrẹ́ ni ẹnìkan fi bo ti òkè, ó sì fi ọsán so ó mọ́ àwọn ọ̀pá irin náà yíká. Ọ̀gá ilé-ìwé náà sọ fún mi pé òun bá a bẹ́ẹ̀ ni.