Ta ni yóò máa san owó ẹ̀ṣọ́ igbó Kainji?

Ìlú Ilemona ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun jìnnà sí igbó Kainji, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Kwara kan náà ló ni Ọ̀yun àti Kaiama pẹ̀lú Baruten, níbi tí apá kan igbó náà wà. Láti 1979 tí ìjọba àpapọ̀ ti so igbó Borgu àti Zugurma pọ̀ di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè, iye ẹranko tó kù là ń jiyàn lé lórí. Ẹni tí yóò máa sanwó ìṣọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ wá lógún. Èrò mi ni pé owó tiwa, tí òfin yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, ló yẹ kó jẹ́ ìpìlẹ̀, kí owó àlejò, ti arìnrìn-àjò àti ti olóore òkèèrè, jẹ́ àfikún.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 ṣírò rẹ̀ pé ọgbà ẹranko tí kìnnìún bá wà ní Áfíríkà nílò nǹkan bí 1,000 sí 2,000 dọ́là lórí kìlómítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Kainji fẹ̀ tó 5,340 irú kìlómítà bẹ́ẹ̀. Bí a bá mú iye tó kéré jù, owó náà ju mílíọ̀nù 5 dọ́là lọ lọ́dọọdún. Nǹkan tí owó yìí ń ṣe kò hàn sójú ayé: bàtà ẹ̀ṣọ́, epo ọkọ̀, rédíò, oúnjẹ àwọn tó sùn sínú igbó lóru. Gbogbo rẹ̀ ló ń tán, tí a sì gbọ́dọ̀ tún rà. Owó àkànṣe ọlọ́dún mẹ́ta lè ra ọkọ̀, kì í ra epo ọdún kẹrin. Àgbójúlé owó àlejò ti já ọ̀pọ̀ ọgbà kulẹ̀. Ní 2020, àrùn Kòrónà dá àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ dúró sílé. Ní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà tú àjọ USAID ká, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìdáàbòbò ẹranko sì dúró lójijì káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí ẹranko kankan tó ṣẹ ẹnikẹ́ni nínú ọ̀ràn méjèèjì.

Àwọn aládùúgbò wa ní Benin ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní 2017, ìjọba wọn fi ọgbà ẹranko Pendjari sí abẹ́ àbójútó àjọ African Parks fún ọdún 10, ṣùgbọ́n kò kàn na àwo sí olóore: ó ṣèlérí mílíọ̀nù 6 dọ́là láti àpò ara rẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé owó náà kò dí agbésùnmọ̀mí lọ́nà. Òótọ́ ni: ní Màáyù 2019 wọ́n jí àlejò méjì láti Faransé gbé ní Pendjari, wọ́n sì pa afinimọ̀nà wọn, ní Fẹ́búárì 2022 wọ́n pa ẹ̀ṣọ́ ní ọgbà W ní Benin kan náà. Síbẹ̀, iṣẹ́ kò dúró. Ká ní owó ìwọlé arìnrìn-àjò ni wọ́n fi ń san owó oṣù ni, ìbọn àkọ́kọ́ ìbá ti tú ẹ̀ṣọ́ ká, a ó sì fi igbó sílẹ̀ fún ẹni tó gbé ìbọn. Ẹ wo Kainji fúnra rẹ̀, níbi tí ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí Mahmuda ti sọ igbó di ibùba kí ọwọ́ tó tẹ olórí wọn ní 2025. Igbó tí kò sí ẹ̀ṣọ́ nínú rẹ̀ kò léwu fún ẹranko nìkan.

Àtakò tó le jù ni ti ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn tí kò lówó. N kò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n orísun owó kan wà tí kò ní gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ olùkọ́. Omi Oli, Timo àti Doro gba igbó Borgu kọjá lọ sínú odò Ọya, odò tó ń yí ẹ̀rọ iná Kainji àti Jẹ́bà. Òfin HYPPADEC ti 2010, tó dá àjọ ìdàgbàsókè àwọn agbègbè tó ń pèsè iná láti inú omi sílẹ̀, ti gbà pé kí owó iná mànàmáná máa tọ́jú àwọn ìlú tí ìdídò ṣe léṣe. Kí wọ́n tún òfin náà ṣe, kí díẹ̀ nínú owó yẹn máa lọ sí igbó tó ń dáàbò bo orísun omi. Kí ìpín àwọn abúlé Kaiama àti Baruten sì wà nínú rẹ̀ kedere, nítorí àwọn ni wọ́n fòfin dè kúrò nínú oko ọdẹ baba wọn. Ọdẹ tó mọ ipasẹ̀ ẹranko ló yẹ kó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, kó sì máa gba owó oṣù rẹ̀ lásìkò.